Kì í ṣe náírà nìkan ló sọ gíráfíìsì káàdì di ọ̀wọ́n gógó

Gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ owó gíráfíìsì káàdì (káàdì inú kọ̀ǹpútà tó ń ya àwòrán sójú ẹ̀) bá ti délẹ̀ láàárín àwa tá à ń ṣe ànìméṣọ̀n àti àwọn tó ń gé fídíò, ibì kan náà lọ̀rọ̀ máa ń já sí, wọ́n á ní náírà ló bà wá jẹ́, dọ́là ti lọ sókè, kí lèèyàn fẹ́ ṣe. Mi ò ní sọ pé irọ́ ni. Àmọ́ ó ń bí mi nínú pé ibẹ̀ la máa ń dá ọ̀rọ̀ dúró sí, torí náírà ò dá wa lóró lóun nìkan, àwọn tó ń ṣe káàdì yìí gan-an ti gbé owó ẹ̀ lọ sókè ní dọ́là kó tó dé ọ̀dọ̀ wa rárá, wọ́n sì rí i ṣe torí pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sẹ́ni tó ń bá wọn du ọjà mọ́. Ohun tí mo fẹ́ kọ lónìí nìyẹn, ó máa gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe ìṣirò ẹ̀. Ní March 2017, Nvidia, iléeṣẹ́ tó ń ta gíráfíìsì káàdì jù, gbé GTX 1080 Ti jáde ní $699. Tá a bá yọ Titan, káàdì wọn tó wọ́n jù ú lọ, sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, káàdì gèémù tó le jù tí wọ́n ní nígbà yẹn nìyẹn. Lówó ìjọba, dọ́là kan jẹ́ bíi ₦305 (mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ò rí i rà níye yẹn, ọjà ojúde ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ẹ jẹ́ ká lò ó), torí náà káàdì yẹn jẹ́ bíi ₦213,000 kẹ́ ẹ tó san owó ọkọ̀, owó kọ́sítọ́ọ̀mù àti èrè ẹni tó kó o wọlé. Ó wá di January 2025, RTX 5090 tó wá jẹ́ òkè téńté tiwọn jáde ní $1,999, dọ́là náà ti ju ₦1,500 lọ. Ẹ sọ ọ́ di náírà, ó tó mílíọ̀nù mẹ́ta. Ìlọ́po mẹ́rìnlá nìyẹn. Ẹ wá tú u wò: náírà ló sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún, owó tí Nvidia fúnra wọn lẹ̀ mọ́ ọn ló sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta ó dín díẹ̀. Ká tiẹ̀ ní náírà dúró síbi tó wà ní 2017, 5090 yẹn á ṣì jẹ́ bíi ₦610,000, ẹni tó ra 1080 Ti nígbà yẹn ò ní lè rà á bẹ́ẹ̀ náà.

Ẹ lè ní nǹkan ń wọ́n sí i ní Amẹ́ríkà náà. Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ṣírò bí nǹkan ṣe wọ́n sí i lọ́hùn-ún mọ́ $699 ti 2017, bíi $900 ló máa jẹ́. Èwo wá ni $1,999? Wọn ò sì dédé fò débẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gùn ún, 2080 Ti ní 2018 tí wọ́n kọ $999 sórí bébà fún àmọ́ tí èyí tí Nvidia fọwọ́ ara wọn tà jẹ́ $1,199, lẹ́yìn náà 4090 ní 2022 ní $1,599. Wọ́n fẹsẹ̀ kan síwájú, wọ́n wẹ̀yìn, wọn ò rí ẹni tó ń lé wọn bọ̀, wọ́n tún gbé ìkejì.

Èyí tójú rí nìyẹn ṣá o. Èyí tó ń dùn mí jù ni èyí tójú ò tó, torí pé kì í ṣe gbogbo wa ló ń ra káàdì òkè téńté, àárín ni púpọ̀ wa wà. Orúkọ káàdì ò ní yí padà, owó ẹ̀ ò ní yí padà, ohun tó wà nínú ẹ̀ ni wọ́n máa dín kù. Bí ìgbà téèyàn ra gàrí lọ́wọ́ ẹni tó ti tẹ ìdí kóńgò wọnú ni, ẹ fojú ara yín rí i tí kóńgò kún, owó kóńgò kan lẹ sì san. Ẹ wo RTX 3060 Ti àti RTX 4060 Ti. 3060 Ti jáde ní December 2020 ní $399, mẹ́mórì ẹ̀ 8GB, ọ̀nà tí mẹ́mórì yẹn ń gbà bá ṣíìpù sọ̀rọ̀ fẹ̀ tó 256-bit, òun ló jẹ́ kó lè máa kó 448 gígábáìtì kọjá láàárín sẹ́kọ́ǹdù kan. Ọdún méjì ààbọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, ní May 2023, 4060 Ti dé. $399 náà ni, 8GB náà ni, àmọ́ ọ̀nà mẹ́mórì ti di 128-bit, ìdajì géérégé, ohun tó ń gbabẹ̀ kọjá sì ti já wálẹ̀ sí 288. Àlàyé tí Nvidia ṣe ni pé àwọn ti fi káàṣì (mẹ́mórì kékeré tó yára) tó tóbi sínú ṣíìpù kó má bàa máa sáré lọ sí mẹ́mórì ní gbogbo ìgbà, òótọ́ ni, káàṣì L2 yẹn kúrò ní 4MB ó di 32MB, ó ràn án lọ́wọ́, iná tó ń jẹ náà sì kéré sí ti àtijọ́, mo gbà fún wọn níbẹ̀ yẹn. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbé iṣẹ́ tó wúwo kà á láyà, bíi gèémù ní 4K, àwọn ibì kan wà tí ò ti lè ju ti àtijọ́ lọ, ibòmíràn wà tó tiẹ̀ rẹ̀yìn sí i. Káàdì tuntun o! Tẹ́ ẹ bá fẹ́ 16GB lórí ẹ̀, ẹ máa fi $100 kún un, ó di $499.

Kí wọ́n tó ṣe ìyẹn, wọ́n ti kọ́kọ́ gbìyànjú ọ̀kan tí ariwo lé padà. September 2022 ni, wọ́n kéde RTX 4080 méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan 16GB ní $1,199, ìkejì 12GB ní $899. Ẹni tí ò bá wo inú ẹ̀ dáadáa á rò pé mẹ́mórì nìkan ló fi yàtọ̀. Rárá o, ṣíìpù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ti àkọ́kọ́ ní CUDA core (àwọn ẹ̀yà kéékèèké tó ń ṣe ìṣirò) 9,728, ti ìkejì ní 7,680. Káàdì tó yẹ kó máa jẹ́ 4070 ni wọ́n pè ní 4080 kó lè gba owó 4080. Àwọn èèyàn pariwo, oṣù kan ò pé tí wọ́n fi ní àwọn ti fà á sẹ́yìn, nígbà tó di January 2023 káàdì kan náà yẹn ló padà wá tó ń jẹ́ 4070 Ti, $799. Ẹ ṣáà rí i, ariwo lásán já $100 kúrò lórí ẹ̀. Ẹ wá ro ohun tí káàdì gidi tó ń bá a du oníbàárà ì bá já kúrò.

A ò sì ní rò ó lásán, torí a ti rí i rí. June 2008, Nvidia gbé GTX 280 jáde ní $649, GTX 260 ní $399. Nínú oṣù yẹn náà, ATI, tí AMD tó ń bá Nvidia du ọjà ti rà ní 2006, gbé HD 4870 sọ sọ́jà ní $299, káàdì yẹn sì ń bá 260 wọ̀jà dọ́gba. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré, GTX 280 ti já sí $499, 260 ti di $299. Wọn ò mọ ọgbọ́n tuntun kankan láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan yẹn o, owó tí wọ́n fi ṣe ṣíìpù ò yí padà, èrè tí wọ́n fẹ́ jẹ ni wọ́n gé. Ní 2013 náà, GTX 780 ń lọ ní $649, AMD gbé R9 290X wá ní October ní $549, kí oṣù yẹn tó tán Nvidia ti gbé 780 sọ̀kalẹ̀ sí $499. Torí náà ẹni tó bá ní iye tí wọ́n ń tà á ni iye tó ná wọn, kó wá ṣàlàyé ọdún méjì yẹn fún mi.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lójú tèmi ò tiẹ̀ sí lórí gíráfíìsì káàdì, orí CPU, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ló wà. Láti 2007 títí wọ 2017, core (ẹ̀yà tó ń ṣiṣẹ́ nínú CPU) mẹ́rin ni Intel tó ń ṣe CPU fi ṣe òpin fún kọ̀ǹpútà tí àwọn èèyàn lásán ń rà, ọdún mẹ́wàá gbáko, ẹni tó bá fẹ́ mẹ́jọ á lọ ra i7-6900K tó ju $1,000 lọ, pẹ̀lú bọ́ọ̀dù olówó ńlá. Gbogbo ìgbà yẹn AMD ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kógbá sílé. Àfìgbà tí Ryzen, CPU tuntun AMD, dé ní March 2017, core mẹ́jọ nínú Ryzen 7 1700 ní $329. Ọdún yẹn ò parí tí Intel fi rí core mẹ́fà kó sínú i7-8700K, ní 2018 wọ́n rí mẹ́jọ kó sínú i9-9900K. Ṣé ẹ rí i báyìí? Ó ti wà lọ́wọ́ wọn tipẹ́, wọn ò rí ìdí tí wọ́n fi máa gbé e fún wa ni.

Kí ló dé tí AMD ò wá ṣe fún Nvidia ohun tí wọ́n ṣe fún Intel? Àwọn kan ń sọ pé torí ẹbí ni wọ́n, pé Jensen Huang tó ń darí Nvidia àti Lisa Su tó ń darí AMD jẹ́ ìbátan. Òótọ́ ni pé ìbátan tó jìnnà díẹ̀ ni wọ́n, Taiwan ni wọ́n bí àwọn méjèèjì sí, àmọ́ èmi ò gbà pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Owó ni. TSMC ní Taiwan ló ń ṣe ṣíìpù fún AMD, òun náà ló ń ṣe é fún Nvidia, kódà òun ló ń ṣe ṣíìpù gíráfíìsì Arc fún Intel, ààyè tó wà nínú fáktírì yẹn ò sì pọ̀, gbogbo wọn ló ń du ú. Ẹ̀rọ EUV tí wọ́n fi ń ya àwọn nǹkan tín-ín-tìn-ìn-tín sórí ṣíìpù, iléeṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe é ní gbogbo ayé, ASML ní Nẹ́dálándì. Tí AMD bá wá gba ààyè díẹ̀ lọ́dọ̀ TSMC, ó lè fi ṣe ṣíìpù RX 7900 XTX tí wọ́n gbé káàdì ẹ̀ jáde ní $999, ó sì lè fi ṣe EPYC, CPU tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá ń rà sínú sáfà, tí ẹyọ kan nínú èyí tó lágbára jù ju $10,000 lọ. Kí lẹ rò pé wọ́n máa fi ṣe? Èmi náà tí mo bá jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀, mo mọ èyí tí máa ṣe. Nígbà tí wọ́n bá sì fẹ́ ta káàdì, iye tí Nvidia bá pe tiẹ̀ ni wọ́n máa wò, wọ́n á yọ díẹ̀ kúrò, wọ́n á dúró síbẹ̀. Ní 2024 Jack Huynh tó ń bójú tó ẹ̀ka yẹn lọ́dọ̀ wọn sọ ọ́ gbangba pé òkè téńté kọ́ làwọn ń lé mọ́, lóòótọ́ nígbà tí RX 9070 XT jáde ní March 2025 ní $599, káàdì tó dáa gan-an ni, àmọ́ kò sí èyí tó lè dojú kọ 5090 nínú tiwọn. Nvidia nìkan ló wà lókè lọ́hùn-ún, ó ń pe iye tó bá wù ú. Jon Peddie Research tó máa ń ka iye káàdì tí wọ́n ń kó jáde sọ pé nínú ọdún 2025 Nvidia ti gba ju ìdá 90 nínú 100 lọ.

Sọ́fítíwià ni okùn kejì, òun ló so èmi àtàwọn ẹgbẹ́ mi mọ́lẹ̀ jù. Nvidia ti ń kọ́ CUDA, sọ́fítíwià tó ń jẹ́ kí àwọn ètò lo agbára káàdì wọn, bọ̀ láti 2006, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ tá à ń ṣe ṣe wá rọ̀ mọ́ ọn. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ní RX 580 ti AMD. Káàdì táláká gidi ni, 8GB, tòkunbọ̀ ẹ̀ pọ̀ nílẹ̀ yìí, ọ̀pọ̀ ọmọ ló fi kọ́ Blender, ètò tá a fi ń ṣe ànìméṣọ̀n. December 2021, Blender 3.0 jáde, wọ́n yọ OpenCL, ọ̀nà tó ń gbà lo káàdì AMD, kúrò nínú Cycles tó ń bá a réńdà, ọ̀nà tuntun tí wọ́n fi rọ́pò ẹ̀ fún AMD, HIP, ò gba káàdì tó ti dàgbà tó RX 580. Lọ́jọ́ téèyàn gbé Blender ẹ̀ lọ sí 3.0, á lọ sínú Preferences, á tẹ System, á wá rí i pé ibi tí orúkọ káàdì ẹ̀ máa ń wà tẹ́lẹ̀ ti ṣófo. Káàdì ò bà jẹ́ o, kò gbóná, gèémù ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ bíi ti àná. Réńdà ló ti di ti CPU, fíríìmù tó ń gba ìṣẹ́jú díẹ̀ tẹ́lẹ̀ á máa fi wákàtí ṣeré. Yálà kó dúró sórí 2.93 títí ayé, tàbí kó lọ ra káàdì mìíràn. Nvidia ni ọ̀pọ̀ wọn lọ rà. Mi ò dá Blender lẹ́bi, OpenCL yẹn ti ń fún wọn níṣòro tipẹ́, àmọ́ ẹ wo ẹni tó jèrè ẹ̀.

Ní tiwọn, Nvidia ò tún nílò wa tó tẹ́lẹ̀ mọ́. Nínú ọdún ìṣòwò wọn tó parí ní January 2025, $130.5 bílíọ̀nù ló wọlé fún wọn, $115.2 bílíọ̀nù nínú ẹ̀ jẹ́ ti dátà sẹ́ńtà, ìyẹn AI, gèémù ò ju nǹkan bíi $11.4 bílíọ̀nù lọ. Àwa tá a gbé iléeṣẹ́ yẹn ró láti ayé GeForce àkọ́kọ́ ní 1999, a ò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá owó wọn mọ́. Nígbà yẹn 3dfx ṣì wà, S3 wà, Matrox wà, ATI wà, wọ́n ń jà. 3dfx kú, Nvidia ló ra ohun tó kù nílé wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti mẹ́mórì, iléeṣẹ́ mẹ́ta ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pín gbogbo ẹ̀, Samsung, SK Hynix àti Micron, AI sì ti gba ọjà ọwọ́ wọn. Ní December 2025 Micron kéde pé àwọn máa pa Crucial tì, RAM àti SSD tí èèyàn lásán ń rà, kí àwọn lè gbájú mọ́ àwọn oníbàárà ńlá. Owó RAM ti ń fò lọ sókè kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀, gíráfíìsì káàdì náà sì ń lo mẹ́mórì.

Intel nìkan ló fún mi ní ìrètí díẹ̀. Arc B580 tí wọ́n gbé jáde ní December 2024, $249, 12GB, nígbà tí RTX 4060 jẹ́ $299 tó sì jẹ́ 8GB péré. Irú nǹkan tó yẹ kó máa ṣẹlẹ̀ lọ́dọọdún nìyẹn. Àmọ́ ẹ dákun, kẹ́ni tó ń kà mí ní Nàìjíríà má sáré rà á. Káàdì Arc nílò ohun kan tí wọ́n ń pè ní Resizable BAR, tó ń jẹ́ kí CPU lè dé gbogbo mẹ́mórì káàdì lẹ́ẹ̀kan náà, tí kò bá sí, ó máa ń falẹ̀ gan-an, Intel fúnra wọn ló sọ ọ́. Kọ̀ǹpútà tí púpọ̀ wa ń lò, HP Z440 tòkunbọ̀ pẹ̀lú Xeon, tàbí Dell OptiPlex àtijọ́ tí wọ́n kó wá láti ọ́fíìsì òyìnbó, kò sí nǹkan yẹn nínú BIOS (ètò tó ń tan kọ̀ǹpútà) wọn. Ká tiẹ̀ ní ó wà, àwọn tó dán an wò ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025 rí i pé tí CPU bá ti pẹ́, B580 máa ń pàdánù agbára tó pọ̀. Káàdì tí wọ́n ṣe fún ẹni tówó ẹ̀ ò tó, kọ̀ǹpútà tuntun ló ń bèèrè. Ó dùn mí gan-an.

Tòkunbọ̀ ló wá kù. Nígbà tí Ethereum, owó kírípítò tí wọ́n ń fi gíráfíìsì káàdì wá, fi ìwakùsà sílẹ̀ ní September 15, 2022, àìmọye káàdì tí wọ́n fi ń wa á tọ̀sán-tòru ló bọ́ sọ́jà, ọ̀pọ̀ ṣì ń yí kiri, àwọn míì ṣì dáa. Ohun tó burú ni ayédèrú. Àbúrò kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ra GTX 1050 Ti 4GB lọ́wọ́ ọlọ́jà kan ní Ìkẹjà, páálí tuntun, ọ̀rá wà lára ẹ̀, Windows náà pè é ní 1050 Ti. Blender ò rí i rárá. Mo ní kó fi GPU-Z, ètò tó ń sọ irú káàdì tó wà nínú kọ̀ǹpútà, yẹ̀ ẹ́ wò, ó gbé FAKE síwájú orúkọ ẹ̀, káàdì GTS 450 ti 2010 ni wọ́n kọ BIOS mìíràn lé lórí, mẹ́mórì tó wà níbẹ̀ gan-an ò ju 1GB lọ. Owó iṣẹ́ ìgbéyàwó tó fi òru gé ló fi rà á. Ọlọ́jà yẹn ò gbà á padà. Ibi tí ọ̀wọ́n gógó máa ń ti àwọn ọmọ wa sí nìyẹn, wọn ò lè ra ti gidi, wọ́n á lọ sọ́dọ̀ ẹni tó bá pe iye tí apá wọn ká.

Ẹni tó bá bi mí báyìí, tó ń kọ́ Blender tàbí tó ń gé fídíò, tówó ẹ̀ ò pọ̀, RTX 3060 12GB tòkunbọ̀ ni mo máa ń ní kó wá, mẹ́mórì ẹ̀ pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ káàdì tó jáde lẹ́yìn ẹ̀ lọ, 170 wáàtì ló ń jẹ, ínfátà lè gbé e, ẹ má torí pé ó jẹ́ tuntun lọ ra 8GB. Ẹ rí i pé 12GB ni o, torí Nvidia tún ṣe 3060 kan tó jẹ́ 8GB, orúkọ kan náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tàn án lójú yín, ẹ mú GPU-Z dání lórí fílááṣì, kẹ́ ẹ fi réńdà nǹkan tó máa kún mẹ́mórì ẹ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kẹ́ ẹ tó kówó sílẹ̀. Ẹni tí kọ̀ǹpútà ẹ̀ bá sì tuntun tó láti gba Arc tàbí RX 9060 XT 16GB, tí iṣẹ́ ẹ̀ ò so mọ́ CUDA, kó lọ ra ìyẹn, kó má fi tìyà tìyà wá Nvidia torí pé orúkọ ẹ̀ ló mọ̀. Kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ kọ ẹ̀yà kọ̀ǹpútà yín ránṣẹ́ sí mi, kí n bá yín wò ó bóyá Resizable BAR wà níbẹ̀.